Sísáré Kò Nira fún Jemeli bí Ìjókòó

Ní Iten, ìlú àwọn sárésáré lórí òkè, kí àkùkọ tó kọ tán láàárọ̀, ẹsẹ̀ ti ń lu erùpẹ̀ pupa lójú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin á kọ́kọ́ kọjá, àwọn obìnrin á tẹ̀ lé wọn. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, mímí wọn nìkan lèèyàn ń gbọ́. Wọn kì í dúró de ẹni tí kò bá wá, wọn kì í sì béèrè rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Jemeli wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń ta pútúpútú bíi ti ajá tó ń lálàá ọdẹ.

"Má dìde," ni Kisorio ọkọ rẹ̀ wí láìlajú.

"Ta ló ń dìde?"

"Ẹsẹ̀ ẹ ti dìde."

"Ṣé kí n wá gé e ni?"

Kisorio fa bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Ó yí ojú sí ògiri, ṣùgbọ́n kò padà sùn. Jemeli náà ò sùn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ní ilé ìwòsàn kan ní Eldoret, Dókítà Mwakio ti fi àwòrán egungun ojúgun ẹsẹ̀ òsì Jemeli hàn án. Ìlà kan wà lára rẹ̀, tín-ín-rín bí irun. Dókítà yìí, obìnrin ará etíkun tí kò fẹ́ràn òtútù òkè wa rárá, fi bírò tọ́ka sí ìlà náà. "Kò tíì kán," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ti ń rò ó." Ó ní kí Jemeli má sáré rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí egungun náà bá so, ààyè á ṣì wà láti múra sílẹ̀ fún eré máratọ́ọ̀nù tí wọ́n pè é sí ní Jámánì. Bí kò bá so, á kán, ojúgun tó bá sì kán fún obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun, ó lè jẹ́ òpin eré rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tí Jemeli ní láti ṣe kò ju kó jókòó lọ. Ẹni tí kò bá mọ Jemeli ló máa sọ pé ìyẹn rọrùn.

Kì í ṣe pé Ọlọ́run fún Jemeli ní ẹsẹ̀ tó yá ju ti ẹlòmíì. Nígbà tó kọ́kọ́ gòkè wá láti àfonífojì Kerio, tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Kóòṣì Kandie, kì í ju ìgbà díẹ̀ lọ kí wọ́n tó já a sílẹ̀ sẹ́yìn. Eruku wọn ló máa ń jẹ délé. Ọmọ tí wọ́n bá já sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan, ilé ló máa ń padà sí, kó lọ fẹ́ ọkọ. Jemeli ò padà sílé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sáré lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, òun á sá lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá sinmi lọ́jọ́ Sunday, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á gba ìbùkún, á sì gba ọ̀nà tó jìn jù sáré padà sílé. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà títí, wọ́n ń pè é ní Lọ́rì. "Ẹ yà o, Lọ́rì ń bọ̀!" Bí ọdún ṣe ń yí lu ọdún, àwọn tó ń já a sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gba ipò kejì ní Ítálì, ó gba ipò kìíní ní Sípéènì, ó fi páànù kọ́lé fún ìyá rẹ̀, ó fi simẹ́ńtì sí ilẹ̀ rẹ̀, màlúù wọn sì di mẹ́fà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Jemeli ti jẹ oyin náà, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá a sọ̀rọ̀ àáké mọ́.

Kisorio mọ àáké náà dáadáa. Sárésáré lòun náà tẹ́lẹ̀, inú ẹgbẹ́ Kandie yìí náà ni wọ́n ti pàdé. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún, tó ń fi òróró gbígbóná pa á, tó sì ń sáré lé e lórí, títí iṣan náà fi já bí okùn ní àárín òkè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Màlúù ló ń sìn báyìí, wàrà ló ń tà, bí òtútù bá mú á máa tiro. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Jemeli bá ti òde eré dé, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni Kisorio kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, Jemeli fọ gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé, títí kan èyí tó mọ́. Ọjọ́ kejì, ó gbá àgbàlá, ó gbá ọ̀nà tó lọ sí ilé màlúù, ó tún gbá iwájú ilé aládùúgbò. Ní ọjọ́ kẹta ó wọ inú oko ànàmọ́ tòun ti ọkọ́. Kogo Tabutany, ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kogo nítorí pé ó ti di ìyá àgbà fún ọ̀pọ̀ ọmọ, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ìyàwó mi, ànàmọ́ yẹn ò tíì tó wà."

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni, Kogo."

"O ti wo odidi ebè méjì. Ṣé ó bú ọ ni?"

Jesang, ọ̀rẹ́ Jemeli, wá mu tíì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, eruku eré òwúrọ̀ ṣì wà létí rẹ̀. Jesang fẹ́ràn oorun ju eré lọ. Òun náà ń lọ sí Jámánì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa ṣáájú àwọn ẹni ńlá, kó gé afẹ́fẹ́ fún wọn títí dé ìdajì ọ̀nà, lẹ́yìn náà kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa lọ. Ó bu ṣúgà mẹ́rin sínú tíì rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Lọ́rì, wọ́n ti gbé ẹ wọ gáréèjì."

"Ẹnu ẹ ń yọ̀. Sọ fún Kóòṣì pé mo jókòó."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìdí ẹ ò tiẹ̀ kan àga."

Òótọ́ ni. Etí àga ló wà, ó ń mi orókún. Bí wọ́n bá mẹ́nu kan Jámánì báyìí, orókún náà á túbọ̀ máa mì. Ẹ̀rù ń bà á pé gbogbo agbára tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ń jò lọ ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó, bí omi inú garawa tó lu. Kò lè sọ èyí fún Jesang, tó ń sun oorun ọ̀sán lójoojúmọ́ tí garawa tirẹ̀ ò sì jò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń sáré lóòjọ́ níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan là ń kà. Ti òwúrọ̀ ni eré. Ti ìrọ̀lẹ́, a kàn ń tú iṣan ni: a ó máa lọ jẹ́jẹ́, a ó máa sọ̀rọ̀, a ó máa kí àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin tó ru igi ìdáná lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa dọ́gba. Bí ẹ bá dá ẹni tó ń tú iṣan dúró, tí ẹ bi í bóyá ó sáré lónìí, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, láàárọ̀." Bẹ́ẹ̀ eré ló ń sá lọ lọ́wọ́! Ẹni tó jẹ òkèlè ugali yó kì í ka tíì mọ́ oúnjẹ.

Nítorí náà, nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún tó, tí Jemeli ń so okùn bàtà rẹ̀, tí Kisorio gbójú sókè lábẹ́ màlúù tó ń fún wàrà rẹ̀, ó kàn béèrè bí ọkọ ṣe ń béèrè ni.

"Ibo?"

"Mo kàn fẹ́ lọ tú iṣan."

"Jẹ́jẹ́ o."

"Jẹ́jẹ́ ni, Bàbá Jerop."

Ó lọ jẹ́jẹ́ lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ó lọ títí dé ilé ẹ̀kọ́, ó padà. Ní ọjọ́ kejì ó kọjá ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ti sún mọ́ tòsí jù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń dé etí igbó. Bí eré, bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Kóòṣì Kandie fúnra rẹ̀ rí i. Ó jókòó síwájú ilé tíì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí Jemeli ṣe ń kọjá, ó juwọ́ sí i.

"Jemeli! Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń sinmi, Kóòṣì!"

"Sinmi dáadáa!"

"Ẹ ṣeun, sà!" Ó sì kọjá lọ, eruku díẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Egungun náà ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, nígbà tó yá ó ń sọ ọ́ sókè. Jemeli ní egungun tó bá ń so ló máa ń dunni bẹ́ẹ̀, ó fi omi gbígbóná jó o, ó sùn. Oorun náà dùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ta pútúpútú mọ́ láàárọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi oko ànàmọ́ sílẹ̀ fún Kogo. Kisorio ń rí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń túra ká, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà wàrà pé ìsinmi náà ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, àwọn mẹ́ta jọ wọ bọ́ọ̀sì matatu lọ sí Eldoret: Jemeli, Kisorio, àti Kóòṣì Kandie tó wọ kóòtù tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó. Dókítà Mwakio gbé àwòrán tuntun sára iná. Ó wò ó títí. Ìlà tó rí bí irun ti la egungun náà kọjá, ó kù díẹ̀ kó dé òdìkejì.

"Màdáàmù," ó ní, "ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ sáré?"

"Rárá, dókítà." Ojú Jemeli ò ṣẹ́, nítorí kì í ṣe irọ́ ló ń pa.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ńkọ́?"

Inú bí Kandie. "Dókítà, ọmọ yìí kì í purọ́. Èmi ni mò ń kó wọn jáde láràárọ̀. Kò tẹsẹ̀ bọ ojú ọ̀nà!"

"Ilé ló wà," ni Kisorio gbè é lẹ́sẹ̀. "Àfi kó jáde lọ tú iṣan tó bá di ìrọ̀lẹ́."

Dókítà yí àga rẹ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́jẹ́ ni. Bí ìrìn ni. Ọmọdé ń ṣe é. Kandie tiẹ̀ dìde, ó ju apá méjèèjì díẹ̀díẹ̀ níbi tó dúró sí, kí dókítà lè rí bó ṣe jẹ́jẹ́ tó.

"Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń kúrò nílẹ̀?" ni dókítà béèrè.

Kandie sọ apá rẹ̀ kalẹ̀.

"Ó jìn dé ibo?"

"Etí igbó," ni Jemeli wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí n sì padà."

"Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀?"

"Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́."

Dókítà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nu ojú. "Ará etíkun ni mí," ó ní. "Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá rí èèyàn tó ń ṣe báyẹn, a máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ ká rí olè tó ń lé e." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, egungun ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú. Ohun tó ń lù ú ló mọ̀."

Kisorio yíjú sí ògiri. Òun tó mọ àáké, òun ló ní jẹ́jẹ́ o. Ìtìjú bò ó débi pé etí rẹ̀ gbóná, kò sì lè wo ojú ìyàwó rẹ̀ títí wọ́n fi jáde níbẹ̀.

Wọ́n fi simẹ́ńtì funfun ti ilé ìwòsàn di ẹsẹ̀ Jemeli láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orókún. Jámánì ti lọ. Dókítà sì sọ èyí tó kù láìfi òróró sí i: bó bá jókòó títí egungun yìí fi so, á tún sáré. Bó bá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ kó tó so, yóò kán pátápátá, irin ni wọn ó fi so ó, ẹsẹ̀ onírin kì í sì í já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Iten, Kandie di fìlà rẹ̀ mú.

"Mo rí ẹ," ó sọ fún Jemeli. "Mo rí ẹ, mo sì juwọ́ sí ẹ." Ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìkóríta pé láti òní lọ, ti ìrọ̀lẹ́ náà eré ni o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Jesang ní bó bá jẹ́ eré ni, a jẹ́ pé òun ti ń ṣiṣẹ́ jù, òun á lọ sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ́ egungun rí á mọ bó ṣe ń yúnni nínú simẹ́ńtì. Ti Jemeli ò mọ síbi yíyún. Ó ń fi ìdí ṣíbí họ ọ́, ó ń ka páànù òrùlé, ó ń bá Jerop ọmọ rẹ̀ jà lórí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ti parí. Láràárọ̀, bí ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ń kọjá, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Kisorio ti ilé màlúù bọ̀, ó bá a ní ẹnu géètì. Jemeli ti fi ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn ti ògiri, ó sì ń fi ẹsẹ̀ simẹ́ńtì tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá omi gbóná.

"Jemeli!"

"Mo kàn ń wò ó ni."

"Bí o ṣe wo ànàmọ́? Ṣé o fẹ́ dà bí mi ni?"

"Ó sàn kí n dà bí ẹ ju kí n máa jókòó bí àpò ìyẹ̀fun!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ̀. Kisorio dúró, ó gbé korobá wàrà lọ́wọ́, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó tiro padà sí ọ̀dọ̀ màlúù tó ti fún tán. Jemeli mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́ níbi tó dùn ún jù, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ pọ̀ ju ìtìjú rẹ̀ lọ, kò sì bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n sáré Jámánì. Ilé Kisorio nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n tó tóbi ní àdúgbò, owó Sípéènì ló rà á, nítorí náà ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn jókòó sí, títí dé ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ife tíì. Jemeli wà lórí àga níwájú, ẹsẹ̀ funfun náà lórí àpótí. Kisorio dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì bára wọn sọ ọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ géètì.

Jesang ló ṣáájú. Ó gé afẹ́fẹ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ní kó gé e, ó dé ìdajì ọ̀nà níbi tó yẹ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yà.

"Kí ló ń ṣe?" ni Kogo béèrè. "Ṣé ó ti gbàgbé ọ̀nà ni?"

"Ó ń lọ, Kogo," ni ẹnì kan kígbe. "Jesang ń bá wọn lọ!"

Ilé náà hó. Àwọn ẹni ńlá ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Jesang olóorun ń bá a lọ, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń lọ pọnmi. Ó ku obìnrin méjì, ó ku ọ̀kan. Jemeli ti ń mí bí Jesang ṣe ń mí. Ó mọ ibi tí wọ́n dé. Nínú orí rẹ̀, ó ti sá ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ní gbogbo ọ̀sán tí àwọn yòókù ń sùn. Nígbà tí Jesang já ẹni tó kẹ́yìn sílẹ̀, Jemeli ti wà lórí ìdúró, kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ funfun náà ti kúrò lórí àpótí, ó sì fẹ́ tẹlẹ̀.

Kisorio gbá a mú níbàdí látẹ̀yìn, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bàràgàdà.

"Fi mí sílẹ̀!"

"Rárá."

"Fi mí sílẹ̀, mo ní!"

"Ẹ̀yin méjèèjì!" ni Kogo wí. "Níwájú èèyàn?"

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Jesang ti já okùn ìparí, gbogbo ilé dìde pẹ̀lú ariwo, tíì dà sílẹ̀. Ilé ìyá Jesang ni wọ́n ń lọ, bí a ṣe máa ń ṣe é: a kì í fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí ìyá ẹni tó bá borí. Ọmọdé sáré jáde, àgbà sáré jáde, Kogo ká ìró rẹ̀ sókè, òun náà sáré jáde. Ilé dá páro, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìró ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò sì ń kọjá lójú ọ̀nà.

Jemeli ń sunkún. Inú rẹ̀ dùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìlara sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń ti ilẹ̀, èyí tó yá àti èyí tó funfun, apá Kisorio sì le bí okùn tí wọ́n fi so màlúù.

"Bàbá Jerop."

"Mo ń gbọ́."

"Bí o bá fi mí sílẹ̀ báyìí, màá sá tẹ̀ lé wọn."

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé á kán. Màá ṣì sá."

"Mo mọ̀, Jemeli."

Ariwo náà ti dé ìkóríta, ó ń lọ sísàlẹ̀. Jemeli wá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ rí níbi tó ti so mọ́ra níwájú ikùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì dì í mú.

"Nígbà náà, má fi mí sílẹ̀," ó ní. "Jọ̀ọ́. Àní bí mo bá bú ẹ."